Ilé Kédárì àti Owó Kòkó: Ìtàn Bàsílíkà Yamoussoukro ní Ìmọ́lẹ̀ Jeremáyà 22

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, Póòpù John Paul Kejì ya ilé ìjọsìn kan sí mímọ́ ní ìlú Yamoussoukro, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó àgbélébùú orí rẹ̀, ilé náà ga ní mítà 158. Ó ga ju ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, nígbà tí iṣẹ́ ilé náà ń lọ lọ́wọ́, ìjọba orílẹ̀-èdè yìí kan náà ti kéde pé àwọn kò ní lè san gbèsè tí àwọn jẹ lókè òkun mọ́. Ní ọdún 1989, ọdún tí wọ́n parí ilé náà, wọ́n gé owó kòkó sí méjì: àgbẹ̀ tó ń gba 400 Sẹ́fà lórí kílò kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba 200.

Mo máa ń kọ àwọn ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sí ojú pátákó nígbà tí mo bá ń kọ́ kíláàsì Ìtàn Ìjọ ní Áfíríkà, n kò sì ní sọ nǹkan kan. Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni, "Sà, àwọn Àgùdà nìyẹn o." Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bá wá ní kí oníkálukú sọ iye tí gbọ̀ngàn ìjọsìn tí ìjọ tirẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ti gbà, àti iye tí wọ́n ná lórí àwọn opó lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín á tán.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ka ìtàn bàsílíkà náà pẹ̀lú Jeremáyà 22 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ìdí tèmi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nínú ìjọ tí mo ti ń ṣe pásítọ̀. Ohun kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, n kò sì lè kà á kí ojú má tì mí. N ó dé ibẹ̀.

Dókítà tó kọ̀wé nítorí àgbẹ̀

Félix Houphouët-Boigny, ẹni tó kọ́ ilé náà, kì í ṣe ẹni tí a lè fi ẹnu kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdílé olóyè láàárín àwọn Baoulé ló ti jáde, Yamoussoukro gan-an sì ni ìlú rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar, ó parí ní 1925, wọ́n sì ń gbé e láti ìgbèríko kan dé òmíràn gẹ́gẹ́ bí dókítà ìjọba. Ibẹ̀ ló ti rí bí àwọn òyìnbó oníṣòwò ṣe ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gba kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Tí a bá yí àkọlé rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti jà wá lólè jù.

Kò fi mọ sórí ìwé. Lọ́dún 1944, ó kó àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Syndicat Agricole Africain. Nígbà náà, ìjọba Faransé ń fi tipátipá kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ nínú oko àwọn òyìnbó, nígbà tí oko àgbẹ̀ dúdú kò rí òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dìbò yàn án lọ sí ilé aṣòfin ní Paris, òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1946. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà títí dòní.

Bí mo bá dé ibí yìí nínú ẹ̀kọ́, mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka 1 Àwọn Ọba 3, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti béèrè ọgbọ́n tí kò béèrè ọrọ̀. Òtítọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Kò yẹ kí a kà á bí ẹni tó ti mọ ìparí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ ti 1932 ló kọ́ bàsílíkà, ohun tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì kò ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Àká tó ṣófo

Lẹ́yìn òmìnira ní ọdún 1960, Houphouët di ààrẹ, orí ipò náà ló sì wà títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Ìjọba rẹ̀ gba ọ̀nà kan tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà náà mọ̀ dáadáa. Àjọ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní Caistab. Òun ló ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí kílò kòkó kan lọ́dọọdún. Bí kòkó bá wọ́n ní ọjà àgbáyé, àgbẹ̀ kò ní rí gbogbo rẹ̀ gbà. Àjọ náà yóò tọ́jú èyí tó kù, kí wọ́n lè fi gbé àgbẹ̀ ró lọ́dún tí ọjà bá já wálẹ̀. Lórí ìwé, àká Jósẹ́fù ni: ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ìyàn. (Ohun tí Jósẹ́fù fi àká náà ṣe sí ilẹ̀ àwọn ará Íjíbítì nínú Jẹ́nẹ́sísì 47 tó àpilẹ̀kọ mìíràn, n kò ní fọwọ́ kàn án níbí.)

Ọdún ọ̀pọ̀ dé lóòótọ́. Ní 1976 àti 1977, owó kòkó fò sókè ní ọjà àgbáyé. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, Côte d'Ivoire ti kọjá Gánà, ó ti di orílẹ̀-èdè tó ń pèsè kòkó jù lọ ní ayé, kò sì tíì sí ẹni tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò dúró nínú àká. Ó di títì, ó di ilé-iṣẹ́ ṣúgà, ó di ilé gogoro ní Abidjan, ó sì di Yamoussoukro. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ìjọba náà: ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà tó dára wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò wọn sì ń wò wọ́n tìlara-tìlara. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò lọ́hùn-ún láti ayé àwọn bàbá wọn, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ kọ́lé sílé, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá, mọ̀ pé Àbíjàn ìgbà yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sá kúrò.

Ọdún ìyàn náà dé. Ọ̀dá mú ní 1983, iná ìgbẹ́ sì jó ọ̀pọ̀ oko. Owó kòkó àti ti kọfí já wálẹ̀, gbèsè tí wọ́n fi kọ́ àwọn nǹkan ńláńlá sì ń bí èlé. Ọdún 1983 yìí náà ni wọ́n sọ Yamoussoukro di olú ìlú orílẹ̀-èdè. Wọ́n la títì tó fẹ̀ bí pápá síbẹ̀ pẹ̀lú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ṣe adágún omi tí ọ̀nì ń gbé inú rẹ̀ sí ìdí ààfin ààrẹ. Láti 1987 títí di 1989, Houphouët kọ̀ láti ta kòkó orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ó rò pé òun lè fi ipá gbé owó rẹ̀ sókè. Ọjà kò gbọ́. Kòkó jókòó sínú ilé ìkẹ́rù, owó sì pẹ́ kó tó kan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ààrẹ juwọ́ sílẹ̀, orí àgbẹ̀ ni ẹrù náà bọ́ lé.

Ẹni tí kò bá dàgbà ní oko kòkó lè máà mọ ohun tí kílò kan jẹ́. Èso kòkó bí ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń di kílò kan nígbà tó bá gbẹ. A ó já a, a ó fọ́ ọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó sá a, a ó máa yí i lójú oòrùn, bí òjò bá ṣú a ó sáré kó o wọlé. Ọdún tó ń bọ̀ ni àgbẹ̀ fi ń yá owó ilé-ìwé ọmọ lọ́dún tó wà. Nígbà tí 400 bá di 200, kì í ṣe èrè rẹ̀ ló dín kù. Gbèsè tó ti jẹ sílẹ̀ ló di ìlọ́po méjì, nítorí kílò méjì ni yóò fi san ohun tí kílò kan ìbá san.

Òkúta mábìlì àti igi ìrókò

Oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ bàsílíkà náà lélẹ̀. Pierre Fakhoury ló ya àwòrán rẹ̀. Òkúta mábìlì wá láti Ítálì. Gíláàsì aláwọ̀ mèremère inú fèrèsé rẹ̀, tó lé ní 7,000 mítà onígun mẹ́rin, wá láti ilẹ̀ Faransé. Àyè ìjókòó wà fún 7,000 ènìyàn, ìrókò ni wọ́n fi ṣe àga wọn, afẹ́fẹ́ tútù ẹ̀rọ sì ń fẹ́ sí ẹni tó bá jókòó. (Orúkọ tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń pe igi ìrókò, láti ẹnu àwa Yorùbá ni wọ́n ti mú un. Ó wà lára ohun díẹ̀ nínú ilé náà tí kò gun ọkọ̀ ojú omi wá.) Nínú ọ̀kan lára àwọn fèrèsé náà, ààrẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Jésù. Àwọn tó ń gbé ìlú náà nígbà yẹn jẹ́ nǹkan bí 100,000, àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà kò sì tó ìdajì àwọn ará orílẹ̀-èdè náà. Iye tí àwọn akọ̀ròyìn sábà ń dá lé ilé ọ̀hún ni 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ààrẹ ṣe kedere. Ilẹ̀ ìdílé òun ni, owó òun àti ti ìdílé òun ni, àdéhùn tó wà láàárín òun àti Ọlọ́run ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbà fún un díẹ̀. Àgbẹ̀ ńlá ni lóòótọ́, ó ti lówó kó tó di ààrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbin kòkó, tó tún jẹ́ olórí ìjọba tó ń dá iye tí wọn ó ra kòkó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì ti wà lórí oyè fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n láìsí ẹni tó lè yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò, níbo ni àpò tirẹ̀ ti parí tí àpò ìlú ti bẹ̀rẹ̀? Pọ́ọ̀lù kò fi irú ìdáhùn yẹn bo ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ó ní kí àwọn ìjọ yan ènìyàn tí yóò bá òun gbé e lọ, kí ó lè hàn pé ohun tó tọ́ ni àwọn ń ṣe níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú (2 Kọ́ríńtì 8:18-21). "Èmi àti Ọlọ́run mi ni" kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín àwa ẹlẹ́mìí mímọ́, mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹni tó pọ̀, mo sì ti ṣe àmín sí i.

Vatican kò yára gba ẹ̀bùn náà. Nígbà tí Póòpù máa gbà, ó sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí ìtòsí ibẹ̀. Nígbà tó wá ya bàsílíkà sí mímọ́, ó súre sí òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òkúta yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyàsímímọ́ náà, ìjọba ti sọ pé àwọn fẹ́ gé owó oṣù òṣìṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ jáde sí títì Abidjan. Kí ọdún 1990 tó dé ìdajì, ẹni tó ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ṣàkóso fún ọgbọ̀n ọdún ti gbà kí ẹgbẹ́ mìíràn wà.

Ọmọ Jòsáyà

Bí a bá sáré ka Jeremáyà 22:13-19, yóò dà bí ẹni pé ilé ni wòlíì náà ń bá jà. Ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ilé gbígbòòrò, yàrá òkè tó fẹ̀, fèrèsé, igi kédárì, ọ̀dà pupa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ègbé náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ lórí kédárì. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ọba tó fi ọmọnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ tí kò sanwó fún un. 2 Àwọn Ọba 23:33-35 jẹ́ kí a mọ bí ìlú ṣe rí lásìkò náà: Fáráò Nékò ti bu owó ìtánràn lé Júdà, 100 tálẹ́ńtì fàdákà àti tálẹ́ńtì wúrà kan, Jèhóyákímù sì ń gba owó orí lọ́wọ́ oníkálukú láti san án. Gbèsè lókèèrè, owó orí nílé, kédárì láàfin, lábẹ́ ọba kan náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bí Jeremáyà ṣe fi bàbá ọba náà wé e. Jòsáyà, ó ní, jẹ, ó sì mu. Wòlíì náà kò sọ pé Jòsáyà wọ aṣọ ọ̀fọ̀ tàbí pé inú àgọ́ ló ń sùn. Ọba ni, ó gbádùn bí ọba. Ó sì kọ́lé pẹ̀lú, òun ló tún ilé Olúwa ṣe. Ẹ ka 2 Àwọn Ọba 22:3-7 bí ẹni ń ka ìwé ìṣirò owó. Owó ń ti ọwọ́ àwọn aṣọ́nà lọ sọ́wọ́ àlùfáà àgbà, láti ibẹ̀ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́, láti ibẹ̀ sọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀mọ̀lé àti àwọn tó ń mọ ògiri. Ó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n ti rí ìwé Òfin. Láàárín iṣẹ́ ilé tí wọ́n ti ń sanwó òṣìṣẹ́ ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó sọnù ti jáde.

Nítorí náà, bóyá kí a kọ́lé tàbí kí a má kọ́lé kọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ. Jeremáyà sọ ohun tó jẹ́ ní ẹsẹ 16: Jòsáyà gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò, Olúwa sì pe ìyẹn ní mímọ òun. Mo ti wàásù lórí mímọ Ọlọ́run bóyá ní ìgbà ogún. Mo ti fi àwẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, mo ti fi fífi èdè fọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, mo ti fi ìran rírí ṣàlàyé rẹ̀. Ẹsẹ 16 kò wọ inú ìwàásù náà rí títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹnìkan á ní ààfin ni ti Jèhóyákímù, ilé Ọlọ́run sì ni bàsílíkà, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí Sólómọ́nì fi ṣe pàtàkì. A fẹ́ràn 1 Àwọn Ọba 8 gan-an. Kò sí ètò ìkówójọ fún ilé ìjọsìn tí wọn kì í tí ì kà á. Ìwé kan náà sọ fún wa pé 30,000 ọkùnrin ni ọba kó ṣiṣẹ́ tipátipá lọ sí Lẹ́bánónì, ẹgbàárùn-ún lóṣooṣù (5:13-14). Lẹ́yìn ogún ọdún ìkọ́lé, ó kó ogún ìlú ní Gálílì fún Hírámù, ẹni tó kó kédárì àti wúrà fún un, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀, inú Hírámù kò sì tilẹ̀ dùn sí wọn (9:10-13). Nígbà tó kú, ohun tí gbogbo ìlú kọ́kọ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé àjàgà bàbá rẹ wúwo (12:4). Ẹ̀yà mẹ́wàá lọ nínú ìjíròrò ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́ńpìlì wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ògo sì ti kún un rí.

Òróró Màríà

Ìbéèrè kan kù tí n kò lè fò, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n máa ń béèrè. Ṣé kì í ṣe ohùn Júdásì ni ẹni tó ń ṣírò owó tí a ná fún Olúwa ń fọ̀? Nínú Jòhánù 12, òun ló ní kí wọ́n tà òróró náà ní 300 dénárì kí wọ́n fún àwọn tálákà, Jésù sì gbèjà Màríà.

Ó gbèjà rẹ̀ lóòótọ́, n kò sì gbọdọ̀ sọ pé kò yẹ kí ohun tó dára, tó wọ́n, wọ inú ìjọsìn. Ṣùgbọ́n òróró Màríà ni. Kò sí àgbẹ̀ kankan ní Bẹ́tánì tí wọ́n gé owó rẹ̀ sí méjì kí ìgò yẹn tó kún. Jòhánù sì sọ ẹni tí Júdásì jẹ́: òun ló ń gbé àpò owó, ó sì ń jí nínú rẹ̀. Ẹni tó di àpò mú ni ìtàn náà fura sí. Ti ọ̀rọ̀ Jésù pé àwọn tálákà wà lọ́dọ̀ yín nígbà gbogbo, inú Diutarónómì 15:11 ló ti mú un, ẹsẹ náà kò sì parí síbẹ̀. Nítorí pé wọn kò ní tán ní ilẹ̀ náà ni Olúwa ṣe pàṣẹ pé kí ọwọ́ ṣí sí wọn.

Wòlíì tí kò kọ́lé

Ó yẹ kí n dárúkọ ẹlòmíràn ní ilẹ̀ kan náà, nítorí ó sún mọ́ ìtàn tiwa. Ní ọdún 1913, ọkùnrin ará Grebo kan láti Làìbéríà, William Wadé Harris, fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó mú àgbélébùú tí wọ́n fi ọparun ṣe, Bíbélì kan, àti igbá omi tó fi ń ṣèrìbọmi. Kó tó di pé àwọn Faransé lé e jáde ní ìparí 1914, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ti ṣèrìbọmi fún nǹkan bí 100,000 ènìyàn. Kò fi ilé ìjọsìn kankan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ní kí àwọn ènìyàn dúró, pé olùkọ́ ń bọ̀ tó máa mú Bíbélì wá. Nígbà tí William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ṣì ń dúró, nínú ilé ìjọsìn kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ láti abúlé dé abúlé. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìsọjí 1930 ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, á mọ irú nǹkan tí mo ń sọ.

N kò sọ èyí láti fi bú bàsílíkà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìwé ìtàn bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó mú ìhìnrere gbòòrò ní Côte d'Ivoire, igbá omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kàn.

Kòkó tiwa

Àwa náà jẹ lára kòkó. Nínú àpò àjọ tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ti jáde, àjà 26, wọ́n ṣí i ní 1965. Owó kòkó yẹn ló gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955 dúró pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá tó dá ìjọ wa sílẹ̀ ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìwé kà. Èmi kì í lè bínú sí Cocoa House bí mo ṣe lè bínú sí adágún ọ̀nì, nítorí pé bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ìwé.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ kòkó dìde. Àgbẹ́kọ̀yà ní owó orí ti pọ̀ jù, ọ̀nà oko kò dára, owó kòkó kéré, àwọn agbowó orí sì ń já wọ inú ilé ènìyàn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni wọ́n ní àwọn lè san. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ta sílẹ̀, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó bá a lọ ní 1969, kí ìjọba tó dín owó orí náà kù. Ẹni tó dúró lórí òkè Màpó lè rí ilé gogoro náà dáadáa. Àgbẹ̀ tí wọ́n ń lé nínú igbó nítorí owó orí náà lè rí i.

Ilé ìwòsàn àti ìwé àkọsílẹ̀

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ bàsílíkà Yamoussoukro. Ilé ìwòsàn tí Póòpù súre sí òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1990 wà bẹ́ẹ̀. Ààrẹ kú, wọ́n gbàjọba, ogun abẹ́lé jà, ó parí, òmíràn tún jà. Ó lé ní ogún ọdún kí aláìsàn kankan tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Jósẹ́fù Moscati Mímọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ báyìí. Jósẹ́fù Moscati jẹ́ dókítà. Dókítà ni Houphouët náà.

Mo ti ṣèlérí pé n ó dé orí ìwé àkọsílẹ̀ tiwa. Ìjọ wa ní àpò kan fún àwọn aláìní, ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn lóṣù ló ń wọ inú rẹ̀. Lọ́dún tí náírà já wálẹ̀ tí páànù gbówó lórí, owó òrùlé wa kò pé. Ìpàdé kan la fi parí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a yá owó àpò aláìní fún òrùlé fún ìgbà díẹ̀, a ó dá a padà. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ kan. Gbogbo wa la gbàdúrà kí á tó dìde. Ní oṣù yẹn, opó kan nínú ìjọ wá béèrè ìrànlọ́wọ́ fún owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀." Ọmọ náà kò jókòó ìdánwò lọ́dún náà. Abẹ́ òrùlé yẹn ni màmá náà ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ìlà kẹrin lápá òsì, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí rí.

Nígbà tí mo ń múra ẹ̀kọ́ Jeremáyà 22 fún kíláàsì ni mo tún ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Mo mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà kan ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, kí a jẹ́ kí ó sùn. A fi alẹ́ méjì sọ ọ́. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn lóṣù, kí á tó gba ọrẹ, akápò máa ń dìde ka iye tí ilé ìjọsìn ṣì jẹ àwọn aláìní. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí akápò kà á lóṣù tó kọjá, ìdá mẹ́ta owó náà ló ṣì kù láti san.